Broadcast àti Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan tí Ó Ti Oko Wá

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó jẹ́ pé inú oko ni a bí i sí kí ó tó di ará ìlú. Ọ̀rọ̀ náà ni broadcast. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga bá gbọ́ ọ lónìí, ohun tí yóò wá sí i lọ́kàn ni ilé iṣẹ́ rédíò, òpó irin gíga tí ó yọrí sókè ju gbogbo ilé lọ, àti ẹni tí ó jókòó sí yàrá tí a ti pa ní dídákẹ́ tí ó ń ka ìròyìn. Kò jọ pé yóò rántí àgbẹ̀ tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ apá, tí ó ń rìn síwá sẹ́yìn lórí ilẹ̀ tí a ti tú, tí ó ń bu irúgbìn ní ẹ̀kúnwọ́ tí ó sì ń fọ́n ọn sọ́tùn-ún àti sósì. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ yìí gan-an ni ó kọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀ nínú rẹ̀. Broad ni ohun tí ó fẹ̀. Cast ni kí a ju nǹkan, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá láyé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù tí ó wá jà wọ́n lógun tí wọ́n sì di aládùúgbò wọn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn tí ń kọ ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ náà fún irúgbìn tí a fọ́n káàkiri, kí ó má baà dàrú mọ́ èyí tí a gbìn ní ojú ìlà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré lójú wọn. Jethro Tull, àgbẹ̀ kan báyìí, ti ṣe ẹ̀rọ kan ní nǹkan bí ọdún 1701 tí ń gbin irúgbìn sí ojú ìlà tààrà, ó sì kọ ìwé ní àwọn ọdún 1730 láti fi yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òfò pọ̀ nínú fífọ́n. Ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ òwe afúnrúgbìn inú Bíbélì kò nílò ìwé Tull kí ó tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ń fọ́n irúgbìn kò mọ ibi tí hóró kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí. Ẹyẹ a ṣà lára rẹ̀, òmíràn a bọ́ sórí àpáta, ìyókù a hù. Kí rédíò tó dé rárá ni àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àfiwé fún àhesọ, ìwé ìròyìn àti ẹ̀kọ́ tí a tàn ká láìyan ẹni tí a fún.

Bí ó ṣe wá bọ́ sí ọwọ́ àwọn onírédíò ni ó dùn jù nínú ìtàn náà. Nígbà tí Marconi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí ó ń wá ni ọ̀nà tí ẹnì kan yóò fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan láìsí wáyà: láti ọkọ̀ ojú omi sí èbúté, láti èbúté sí ọkọ̀. Àbùkù ńlá ni ó jẹ́ lójú àwọn ẹlẹ́rọ ìgbà náà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ lè gbọ́ ohun tí a kò rán sí i. Ọ̀rọ̀ náà ń dà nù sójú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí irúgbìn ṣe ń dà nù. Ẹ̀yìn ogun àgbáyé kìíní ni a tó rí àwọn tí ó wo àbùkù yìí tí wọ́n sọ pé èrè ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1920, ilé iṣẹ́ KDKA ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ka èsì ìdìbò ààrẹ sétí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ó lè gbà á. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá ọdún 1922, BBC bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ tuntun yìí nílò orúkọ, wọ́n sì mú ti àgbẹ̀ fún un.

Ǹjẹ́ bí ó bá ṣe pé àgbẹ̀ Adó-Èkìtì ni a ní kí ó sọ iṣẹ́ náà lórúkọ, ṣé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ì bá wá sí i lẹ́nu? Ó ṣòro láti gbà bẹ́ẹ̀. Oko tí a fi ń mọ Èkìtì kì í ṣe oko à-ń-fọ́n-irúgbìn. Iṣu ni olórí oko, ọwọ́ ni a sì fi ń kọ ebè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ó fi èbù sínú ebè kọ̀ọ̀kan, tí a ó dé e lórí kí oòrùn má baà pa á. Àgbàdo ńkọ́? Hóró méjì tàbí mẹ́ta sínú ihò kan. Kòkó, tí ó kọ́ ilé tí ó sì rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti Adó dé Ìjerò, ń fẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tuntun kí ó tó fìdí múlẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni a ń fọ́n, ẹ̀fọ́ ni wọ́n sì jẹ́. Ẹni tí ó mọ iye ebè tí ó wà lóko rẹ̀ kò ní yára gbà pé iṣẹ́ iyebíye ni kí a máa da nǹkan nù síbi tí ojú ẹni kò tó.

Bóyá ìdí nìyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí. Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni wọ́n pè é: kí a gbé ohùn sí afẹ́fẹ́. Ohùn wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, kò sí irúgbìn, kò sì sí oko. Ọ̀rọ̀ tí ó mọ́ ni, ó sì yẹ fún ìwé òfin àti pátákó ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ni. Àwọn ará ìlú ti sọ àpótí náà ní orúkọ tiwọn, orúkọ náà sì jinlẹ̀ ju ti àwọn ọ̀mọ̀wé lọ, kódà ó jinlẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ọ̀nà tí àpótí yìí gbà dé kò ṣàì ní í ṣe pẹ̀lú orúkọ náà. Ní ọdún 1932 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò bá àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, Èkó sì wà lára ibi tí a ti ń gbà á. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín in kiri ilé ní Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Rediffusion ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò máa san owó lóṣooṣù, wọn yóò sì fi àpótí kékeré kan kọ́ ara ògiri fún un. Onílé lè mú kí ohùn rẹ̀ lọ sókè tàbí kí ó wá sílẹ̀. Kò lè yan ohun tí yóò gbọ́, kò sì lè dá ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lóhùn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń jáde láti inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà ní òkè òkun. Ẹ wo bí orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ ti bá a mu tó. Gẹ̀ẹ́sì wo ọwọ́ ẹni tí ń fọ́n. Yorùbá wo ojú ẹni tí a ń fọ́n ọn sí, ó sì rí i pé onítọ̀hún ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí kò rí ẹni tí yóò gbà á.

Ohun tí ó sọ èyí di ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni ipò tí èsì wà nínú ìbánisọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹni tí a bá rán níṣẹ́ kò tíì jíṣẹ́ tán nígbà tí ó bá dé ọ̀hún tí ó sọ ohun tí a rán an. Ó di ìgbà tí ó bá padà, tí ó sì sọ ohun tí wọ́n wí. Akéde tí ń lu agogo kiri àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ pàápàá kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ènìyàn ni ó ń gbà kọjá. Bí ọ̀rọ̀ ọba kò bá yé ìyá àgbà kan, yóò dá akéde dúró, yóò bi í. Bí ó bá sì bí àwọn ọ̀dọ́ nínú, ojú ẹsẹ̀ ni akéde yóò mọ̀, ààfin yóò sì gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù lórí èyí ní ilẹ̀ Èkìtì wà nínú ìtàn ogun Kírìjì. Láti ìparí àwọn ọdún 1870 ni Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn ti dojú kọ ara wọn lórí àwọn òkè, tí kò sì sí ẹni tí ó lè borí èkejì. Ní 1886, Gómìnà Moloney ní Èkó rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, sí àwọn ọba àti àwọn balógun ìhà méjèèjì. Kì í ṣe pé wọ́n ka ìwé sétí ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n sì yí ẹ̀yìn padà. Wọ́n gba ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, wọ́n gbé e wá sí Èkó, a kọ àdéhùn láti inú rẹ̀, wọ́n tún gbé àdéhùn náà padà lọ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè fọwọ́ sí i. Lára àwọn ọba Èkìtì tí ó fọwọ́ sí i ni Ọọ̀rẹ̀ ti Ọ̀tùn àti Ajerò ti Ìjerò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrìn àjò náà, oṣù ni ó sì gbà, kì í ṣe ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ ohùn kan ṣoṣo ni a gbé sí afẹ́fẹ́ lórí àwọn òkè náà láìsí ẹni tí ó dúró gba èsì, ó ṣòro láti rí bí ìbọn ì bá ṣe dákẹ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Àìgbèsì yìí kan náà ni ó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà le dé ibi pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti ti NCNC dìde kúrò nínú ilé ìgbìmọ̀. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lọ́nà tí ó fi ẹ̀bi kan àwọn adarí Action Group. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà ní àyè lórí rédíò kan náà kí òun lè fèsì. Wọ́n kọ̀ fún un.

Àwọn Yorùbá ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí orí òwe. Nígbà tí òfin ilẹ̀ tí a ṣe ní 1954 fún àwọn ẹkùn ní àṣẹ láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Òkè Mápó ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde wà. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni ilé iṣẹ́ náà fi ń ṣe àpèjúwe ara rẹ̀, Adó àti gbogbo Èkìtì sì wà lábẹ́ ìjọba tí ó dá a sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ a máa kọ́ ọmọ pé ẹ̀kọ́ ni ìjọba náà fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n tàn ká, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbàgbé èsì tí a kò gbà ní 1953 kò tíì mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tán.

Ohun tí ó yẹ kí a fi ojú àánú wò ni pé ẹni tí ó kọ́ ilé iṣẹ́ kí òun lè fèsì kì í pẹ́ gbàgbé àwọn tí yóò fẹ́ fèsì sí òun náà. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, nígbà tí ìjọba ti bọ́ sí ọwọ́ Ládòkè Akíntọ́lá, tí ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965 sì ti dá rúkèrúdò sílẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn, ilé iṣẹ́ kan náà ni Akíntọ́lá fẹ́ lò láti bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí ìṣẹ́gun rẹ̀. Ẹnì kan wọlé pẹ̀lú ìbọn, ó sì fipá mú kí wọ́n fi ohùn mìíràn rọ́pò èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ìjọba mú Wọlé Ṣóyínká, ó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Ohun tí ó yà ènìyàn lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìbọn. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn fi lè fèsì sí àpótí náà lákòókò yẹn.

Èkìtì ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ilẹ̀ olókè ni, ohùn tí ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní ìlà tààrà kì í sì í gun òkè. Ó lè kọlu àpáta kí ó má dé ìlú tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kódà níbi tí ohùn bá dé, ohùn àlejò ni. Yorùbá àjùmọ̀lò kò mọ ọ̀rọ̀ tí u bẹ̀rẹ̀. Ará Adó a máa pe ilé ní ulé, a sì máa pe iṣẹ́ tí a rán ènìyàn ní uṣẹ́. Ohùn ìròyìn láti Ìbàdàn kò ní ulé nínú. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, Àkúrẹ́ di olú ìlú, ohùn ìjọba sì sún mọ́ tòsí díẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni Èkìtì di ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, tí Adó sì di olú ìlú, tí ó wá ní ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ yìí fi bá ìtàn àtijọ́ pàdé. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje ọdún 2018, àwọn ará Èkìtì dìbò láti yan gómìnà. Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ẹgbẹ́ APC àti Olúṣọlá Ẹlẹ́ka ti ẹgbẹ́ PDP, igbákejì gómìnà tí ó wà lórí oyè, ni ìdíje náà le láàárín wọn. Kí àjọ elétò ìdìbò tó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyòṣé gba orí ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìpínlẹ̀ náà, ó sì kéde pé Ẹlẹ́ka ni ó borí. Àjọ elétò ìdìbò kéde ìbò 197,459 fún Fáyẹmí àti 178,121 fún Ẹlẹ́ka. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, èyí tí a dá sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1992, ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ó ní lílò tí gómìnà lò ó tako òfin.

Àwọn kan sọ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sọ pé bí a bá ti ti ilé iṣẹ́ pa, ohùn gbogbo ènìyàn ni a pa mọ́, kì í ṣe ti gómìnà nìkan. Ìhà méjèèjì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sí èdè díẹ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní result, tí a ń kà lẹ́yìn ìdìbò, èsì ni Yorùbá ń pè é. Èsì ìdìbò. Ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìparí asọ̀rọ̀mágbèsì náà ni. Àwọn olóṣèlú ti fi oṣù púpọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí ọkọ̀ tí ó gbé gbohùngbohùn kiri láti Adó dé Ìyìn àti Ìfàkì. Ìwé ìdìbò ni ìdáhùn tí àwọn ará ìlú fi lè fún wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ìwé kan, bí èbù kan nínú ebè kan. Ìdáhùn yìí gan-an ni ohùn orí rédíò fẹ́ sọ fún wọn kí a tó kà á tán.

Ilé iṣẹ́ náà tún ṣí lẹ́yìn náà. Ìpínlẹ̀ náà sì ti ní àwọn ilé iṣẹ́ rédíò aládàáni pẹ̀lú, nítorí òfin ọdún 1992 kan náà ni ó fún aládàáni ní àyè láti wọ inú iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí tẹlifóònù alágbèéká ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká Nàìjíríà ní 2001, ètò tí kò ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè ti di ohun tí kò wọ́pọ̀ mọ́. Àgbẹ̀ lè dá ọkọ́ dúró láàárín ebè kí ó sì bá olóòtú jiyàn lójú gbogbo ayé, bí ẹni pé akéde ni ó ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pe iṣẹ́ náà ní broadcast, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń gbin àlìkámà fún wọn báyìí. Àwọn àgbà wa náà ṣì ń pe àpótí wọn ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nígbà tí wọ́n bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n a ní kí ọmọ bá wọn tẹ nọ́ńbà náà.